BABBAN GWANI MIKAILA, Ọ̀MỌ̀LÉ ZARIA: Ohun tí Ìrìnàjò Bàbá Fi Sílẹ̀ fún Ọmọ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí ó dá ẹ̀mí wa sí láti tún rí oṣù Ramadan. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ní irú àsìkò yìí, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò sí ilẹ̀ mímọ́ kì í wọ́n lẹ́nu wa. Àwọn kan ń di ẹrù Umra, àwọn mìíràn ń kó owó Hajj tí ń bọ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi yan ìtàn ọkùnrin kan fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ajagun, kì í sì í ṣe àlùfáà tí ó kọ ìwé. Ọ̀mọ̀lé ni, ẹni tí ń pọn amọ̀, tí ń fi ọwọ́ rẹ́ ògiri. Síbẹ̀, bí a bá ń dárúkọ àwọn ọlọ́gbọ́n inú iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Hausa, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá.

Bí ẹ ti ń ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìbéèrè kan sọ́kàn: nígbà tí àlàájì bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, tí àwọn tí ó wá kí i káàbọ̀ ti lọ tán, kí ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ará ìlú yóò jẹ àǹfààní rẹ̀?

Ìlú Zaria ní ìgbà ayé rẹ̀

Zaria wà ní Ìpínlẹ̀ Kaduna ti òde òní. Òun ni olú ìlú ilẹ̀ Zazzau, ọ̀kan nínú àwọn ìlú méje tí ìtàn ń pè ní Hausa Bakwai. Nígbà tí Sheikh Usman dan Fodio gbé àsíá sókè ní ọdún 1804, Malam Musa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ni ó gba àsíá fún ilẹ̀ Zazzau. Ó wà lórí ìtẹ́ títí di 1821. Yamusa tẹ̀lé e títí di 1834. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Abdulkarim, ẹni àkọ́kọ́ tí ó jọba láti ìdílé Katsinawa, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1846. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni Mikaila ṣe iṣẹ́ tí ó fi di ẹni ìrántí.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ìjọba tuntun ni ìjọba Sókótó nígbà náà. Irú ìjọba bẹ́ẹ̀ nílò mọ́sáláṣí Jímọ̀ ńlá tí ọba àti mẹ̀kúnnù yóò ti jọ tò sí ẹsẹ̀ kan náà. Ó nílò ibi tí adájọ́ yóò jókòó sí láti ṣe ìdájọ́ Ṣẹ̀ríà. Ọ̀mọ̀lé tí ó bá lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ lójú àwọn aṣíwájú. Orúkọ oyè tí wọ́n fi pe Mikaila fi èyí hàn. Gwani ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé gongo. Babban Gwani sì ni àgbà láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀. Oyè yìí kò bá a wọ ibojì, nítorí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ilé mímọ ní Zaria ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá tí ó dé ilẹ̀ Íjíbítì

Ìtàn Mikaila kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbé ènìyàn láti ilẹ̀ Hausa dé ilẹ̀ Lárúbáwá láàárín wákàtí mélòó kan. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọn kan a máa gba Agadez kọjá sínú aṣálẹ̀, wọn a dé Fezzan, wọn a sì bá àwọn ará Íjíbítì (ilẹ̀ tí àwọn àgbà àlùfáà wa ń pè ní Mísírà) lọ sí Mọ́kà. Àwọn mìíràn a máa gba Borno, Wadai àti Darfur lọ sí etí Òkun Pupa. Ẹni tí ó bá jáde nílé lè lo ọdún bíi mélòó kan lójú ọ̀nà. Bí owó bá tán, yóò dúró ní ìlú kan láti kọ́ ọmọ ní kéú, tàbí láti ṣòwò, tàbí láti ṣe lébìrà, títí yóò fi rí owó ọ̀nà tí ó kù. Òùngbẹ wà, àìsàn wà, ọlọ́ṣà wà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó lọ ni kò padà.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ẹni ńlá ni kò lè lọ. Sheikh Usman dan Fodio pàápàá kò dé Mọ́kà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, Jibril ibn Umar, lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó fi tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Mansa Musa ọba Mali lọ sí Hajj ní 1324, wúrà tí ó ná ní Kairo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ títí di òní. Wúrà náà ti tán. Ṣùgbọ́n ó mú as-Sahili, akéwì àti ọ̀mọ̀lé láti Andalusia, padà bọ̀, orúkọ ọkùnrin yìí ni ìtàn sì so mọ́ mọ́sáláṣí Djinguereber ní Timbuktu, tí àwọn ènìyàn ṣì ń kírun nínú rẹ̀.

Bàbá ọ̀mọ̀lé wa náà dé Íjíbítì. Níbẹ̀, ó fi ojú sí bí wọ́n ti ń kọ́ ilé. Ó kọ́ díẹ̀ nínú ọgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀lé ibẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó kọ́ sílẹ̀. Ó padà dé ilé. Nígbà tí ó kú, àwọn ìwé wọ̀nyí ni ó fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Ọkùnrin yìí rí odò Náílì àti àwọn ìlú ńlá. Bí ó bá ṣe pé ìròyìn nìkan ni ó mú bọ̀, ìròyìn náà ì bá bá a wọ ilẹ̀. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni ó bí ohun tí a ń sọ lónìí.

Àlejò kan dé Sókótó

Báwo ni a ṣe mọ èyí? Ẹnu àlejò ni a ti gbọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1824, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó wà nínú iṣẹ́ ojú omi ọba Gẹ̀ẹ́sì, dé Sókótó láti ọ̀nà Borno àti Kano. Muhammad Bello, ọmọ Sheikh Usman, ni ó wà lórí ìtẹ́. Wàsíírì rẹ̀, Gidado dan Laima, ọkọ Nana Asma'u, ń fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sáláṣí kan lọ́wọ́ ní ìlú náà. Wọ́n mú àlejò lọ wo iṣẹ́.

Clapperton bá ọ̀gá àwọn ọ̀mọ̀lé níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọkùnrin kúkurú kan ni, ọlọ́pọlọ pípé, ọmọ ilẹ̀ Zazzau. Ó ròyìn pé bàbá rẹ̀ ti dé Íjíbítì, àti pé inú àwọn ìwé tí bàbá náà fi sílẹ̀ ni ó ti rí gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa bí a ti ń ya ètò ilé. Clapperton kò kọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ tí ó kọ̀wé nípa ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Hausa gbà pé Mikaila ni.

Ohun kan wà nínú ìròyìn náà tí kò yẹ kí a fò kọjá. Ọ̀mọ̀lé yìí ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àlejò tí ó ti ìlú òkèèrè wá kò ní ṣàìní aṣọ dáradára àti ẹ̀bùn olówó iyebíye nínú ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀mọ̀lé náà ń wá lójú méjèèjì ni ọ̀pá ìwọ̀n tí àwọn awakọ̀ ojú omi fi ń ṣe ìṣirò. Clapperton fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Sultan lẹ́yìn náà. Wọ́n ti ń pe ọkùnrin yìí ní ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ ni wàsíírì gbé iṣẹ́ lé, síbẹ̀ ó ṣì ń wá irinṣẹ́ tí yóò mú iṣẹ́ rẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Clapperton yìí kan náà ni ó tún padà wá, tí ó gba Badagry wọ ilẹ̀ Yorùbá, tí ó dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, tí ó sì gba Zaria kọjá ní ọdún yẹn kí ó tó dé Sókótó, níbi tí ó kú sí ní oṣù kẹrin ọdún 1827.

Mọ́sáláṣí Jímọ̀ ti Zaria

Nígbà tí Abdulkarim jọba ní 1834, ó fẹ́ mọ́sáláṣí Jímọ̀ tí ó bá ìlú rẹ̀ mu. Mikaila ni ó gbé iṣẹ́ náà fún. Iwájú ààfin ni wọ́n kọ́ ọ sí, ní àárín ìlú àtijọ́.

Kí ni Mikaila fi kọ́ ọ? Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti rí òkúta tí wọ́n gbẹ́ ní Íjíbítì lè sọ pé láìsí òkúta, òun kò lè ṣe nǹkan kan. Mikaila kò sọ bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ilẹ̀ Zaria ni ó lò. Àwọn ọ̀mọ̀lé Hausa a máa po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọn a mọ ọ́n ní ṣóńṣó bí òkòtó, wọn a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi le. Tubali ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n ń tò léra, tí wọ́n ń fi amọ̀ tútù dì, títí ògiri yóò fi ga. Fún òrùlé, wọ́n ń lo azara, igi tí wọ́n là lára ọ̀pẹ tí a ń pè ní giginya, èyí tí ikán kò lè jẹ.

Ṣùgbọ́n ìṣòro wà níbẹ̀. Azara kì í gùn púpọ̀, kò sì lè dá nà láti ògiri kan dé èkejì nínú iyàrá ńlá. Bí ènìyàn bá wá fi òpó kún inú mọ́sáláṣí, àwọn olùkírun kò ní rí ara wọn, ẹsẹ̀ kò sì ní tò gún. Ọgbọ́n tí Mikaila lò ni pé ó ki ìdí àwọn igi náà bọ inú ògiri àti òpó, ó jẹ́ kí igi òkè yọ síwájú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, láti ìhà méjèèjì, títí wọ́n fi pàdé lókè. Ó wá fi amọ̀ bò wọ́n, wọ́n sì di ọ̀kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ bí ọrun. Bakan gizo ni àwọn Hausa ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe òṣùmàrè. Lórí irú àwọn òṣùmàrè alámọ̀ wọ̀nyí ni ó gbé òrùlé rìbìtì mẹ́fà lé. Ó sì fi ọwọ́ ya ọnà sára amọ̀ náà. Yàtọ̀ sí ibi ìkírun, ó kọ́ ibi ìdájọ́ Ṣẹ̀ríà, ó kọ́ àwọn ẹnu ọ̀nà onílé, àti ibi tí àwọn ènìyàn yóò ti ṣe àlùwàlá.

Ilé amọ̀ kì í dá dúró lásán. Ọ̀dọọdún ni òjò ń fọ̀ ọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń se èèpo èso igi igbá, igi tí àwọn ìyá wa ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ rẹ́ ògiri kí omi má baà wọlé. Makuba ni wọ́n ń pe omi náà. Bí ọdún bá ti yí, iṣẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọ ti kú, ṣùgbọ́n àwọn tí ń rẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ sinmi.

Àwọn tí ń wá wò ó

Láti ìgbà náà ni àwọn àlejò ti ń wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Mikaila. Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Poland, wọn ilé náà, ó sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé onípele mẹ́ta tí ó jáde ní 1990, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní 1982. Ẹni tí kò bá lè dé Zaria lè dé Jos, nítorí wọ́n kọ́ àwòkọ rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ilé ìbílẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ní Zaria fúnra rẹ̀, bí àwọn olùkírun ti ń pọ̀ sí i, wọ́n wó àwọn ilé tí ó yí ibi ìkírun ká, wọ́n sì kọ́ ilé alámẹ́ńtì ti òde òní yí iyàrá alámọ̀ náà po.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ti gbé Zaria, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n dá Ahmadu Bello University sílẹ̀ ní 1962. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá tún dé ibẹ̀, ẹ wọ inú ìlú àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí èrò ọkàn yín tọ́. Mọ́sáláṣí mẹ́ta péré ni Ànọ́bì wa fi lélẹ̀ fún wa pé kí a di ẹrù ìrìnàjò lọ sí nítorí ọlá tí ó wà nínú wọn: ti Mọ́kà, ti Mẹ̀dínà, àti ti Àkísà ní Jérúsálẹ́mù. Ẹni tí ó bá lọ sí Zaria kò lọ gba láádá Hajj. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Kí ó bọ́ bàtà rẹ̀, kí ó kí ìrun rẹ̀, kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, kí ó sì tọrọ àforíjìn fún un.

Ọjọ́ tí òrùlé wó

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní àsìkò òjò. Àwọn ènìyàn wà lórí ìrun Àlààsárì nígbà tí apá kan nínú mọ́sáláṣí náà wó lù wọ́n. Ó kéré tán, ènìyàn méje ni ó kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí Alijánnà. Ilé náà ti lo ohun tí ó lé ní 170 ọdún kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti rí ojú ibi tí ògiri ti sán kí ó tó wó, àwọn aṣíwájú sì ti ń gbèrò àtúnṣe, ṣùgbọ́n àkókò kò dúró dè wọ́n.

A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kádàrá Ọlọ́hun kò ṣeé yẹ̀. A sọ ọ́ nítorí pé àwa náà ní mọ́sáláṣí nílé. Àwọn bàbá wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ lọ wo ògiri mọ́sáláṣí àdúgbò yín kí ààwẹ̀ yìí tó parí. Ẹ wo òrùlé tí ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní alaalẹ́ fún tafsir. Ẹ̀mí ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà fún wa

Èkíní: Ànọ́bì wa kọ́ wa pé bí ọmọ Ádámà bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ já, àfi láti ọ̀nà mẹ́ta: sàráà tí kò dáwọ́ dúró, ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn ń jẹ àǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tí ń ṣe àdúà fún un. Ẹ wo bàbá Mikaila. Ìmọ̀ ni ó fi sílẹ̀. Ọmọ rere ni ó tọ́jú ìmọ̀ náà. Mọ́sáláṣí ni ọmọ fi ìmọ̀ náà kọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sára ìrìnàjò kan ṣoṣo. A kò mọ orúkọ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Èkejì: kí a má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ó wà nílé. Amọ̀ Zaria ni Mikaila fi gbé ọgbọ́n Íjíbítì ró. Bákan náà ni ó rí ní Èkó, níbi tí Mohammed Shitta Bey ti fi owó rẹ̀ kọ́ mọ́sáláṣí tí wọ́n ṣí ní 1894, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n mú iṣẹ́ kíkọ́ ilé bọ̀ láti ìkọjá òkun, ni ó gbé iṣẹ́ náà lé. Ìmọ̀ òkèèrè àti ọwọ́ ilé, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé ilé Ọlọ́hun dìde.

Ẹ̀kẹta: ẹni tí ó bá di ọ̀gá kò gbọdọ̀ ṣíwọ́ bíbéèrè. Ọ̀mọ̀lé tí wọ́n ti ń yìn ṣì béèrè ọ̀pá ìwọ̀n lọ́wọ́ àlejò tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sì tì í lójú.

Ẹ̀kẹrin: ohun tí a kọ́ ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí makuba ti rí fún ògiri ni ààwẹ̀ Ramadan rí fún ìgbàgbọ́ wa. Ọ̀dọọdún ni ó ń padà wá láti di ojú ibi tí ó ti sán. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó kọjá láìrẹ́ ògiri ara rẹ̀, kí ó má yà á lẹ́nu bí omi bá wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Umra àti Hajj, a kò sọ pé kí ẹ má ra dàbínù, kí ẹ má gbé omi Zamzam, kí ẹ má mú tẹ̀sùbáà bọ̀ fún àwọn ará ilé. Ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé kékeré kan dání pẹ̀lú. Kí nọ́ọ̀sì wo bí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn láàárín èrò púpọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí oníṣẹ́ omi wo bí omi ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Kí olùkọ́ béèrè bí àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn ti ń kọ́ Kùránì. Nígbà tí ẹ bá dé, kí mọ́sáláṣí fún yín ní ìrọ̀lẹ́ kan láti jókòó sọ ohun tí ẹ kọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí ẹ bá mú bọ̀ lè ṣàì wúlò lójú yín. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ẹ bí ni yóò rí ìwúlò rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun forí jin Mikaila àti bàbá rẹ̀, kí Ó kẹ́ àwọn tí ó kú nínú mọ́sáláṣí Zaria, kí Ó gba ààwẹ̀ wa, kí Ó jẹ́ kí ẹni tí ó ń lọ lọ ire, kí Ó sì jẹ́ kí ó mú ohun tí yóò ṣe ará ìlú láǹfààní bọ̀. Àmín.